Òwe Ni, Tàbí Àṣẹ?

Ìbéèrè kan máa ń fa àríyànjiyàn nínú kíláàsì wa: ṣé bí a ti kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì gan-an ni kí a gbà á, tàbí kí a wá ìtumọ̀ tí ó fara sin sínú rẹ̀?

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí a bí sínú òwe. Bí àgbà bá ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í wá gàárì lọ. Bákan náà ni Jésù ní kí a gé ọwọ́ tí ó bá mú wa kọsẹ̀ (Mátíù 5:30). Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gé kúrò, ọwọ́ wa sì pé síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé Lúùkù 14:26, níbi tí Olúwa ti sọ̀rọ̀ nípa kíkórìíra bàbá àti ìyá, àwọn kan nínú wa a gbà á bí a ti kọ ọ́. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn mọ́. Wọ́n ní nítorí ìgbàgbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ Olúwa kan náà ni ó bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń fi ọrẹ Ọlọ́run bojú láti má tọ́jú òbí (Máàkù 7:9–13). John Wesley kọ́ wa pé kí a gba ọ̀rọ̀ bí a ti kọ ọ́, àfi bí ó bá tako ẹsẹ mìíràn. Nígbà náà, kí èyí tí ó hàn kedere túmọ̀ èyí tí ó ṣókùnkùn.

Ewu kejì wà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, túmọ̀ òwe ará Samaríà rere báyìí: Ádámù ni ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù, Jésù ni ará Samaríà, ìjọ ni ilé èrò. Ìtumọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ tán, tí a sì kọjá lára opó tí ebi ń pa nínú ìjọ wa, a ti sọ àṣẹ di àlọ́. Olúwa fi àṣẹ parí òwe yẹn: kí a lọ ṣe bákan náà (Lúùkù 10:37).

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ná wa lówó, a ó ní òwe ni. Bí ó bá fún wa láàyè láti kọ ẹlòmíràn sílẹ̀, a ó ní bí a ti kọ ọ́ gan-an ni. Nígbà náà, ìfẹ́ inú ara wa ni a ń kà, kì í ṣe Bíbélì.

Arábìnrin, bí ó bá ti pẹ́ tí o dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ kí ó là wá lóye. Àmín.