Orí Tí A Máa Ń Sáré Kọjá

Bí àwa olùkọ́ ilé-kéwú bá ń kọ́ ọmọ ní ogún pípín, orí kan wà tí a máa ń sáré kọjá: ọ̀rọ̀ khunthaa, ẹni tí ẹ̀dá ara rẹ̀ kò fi hàn gbangba bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín, àwa náà a tètè ṣí ìwé síwájú.

Àwọn àgbà onímọ̀ kò fi ṣe ẹ̀rín. Khalil ará Íjíbítì fi í kádìí Mukhtasar rẹ̀, ìwé mazhabi Málíkì tí a ń kà nílẹ̀ wa. Bí bàbá bá kú, tí ó fi ọmọkùnrin kan àti khunthaa kan sílẹ̀, ọ̀nà 12 ni a ó pín ogún sí. Ká ní ọkùnrin ni khunthaa, 6 ni ì bá gbà. Ká ní obìnrin ni, 4. Nítorí náà 5 ni tirẹ̀, 7 ni ti arákùnrin rẹ̀. Wọn kò ní kí ó lọ mọ ohun tí òun jẹ́ ná kí ó tó jogún bàbá rẹ̀.

An-Nawawi, tí ó kú ní ọdún 1277, sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ohùn àti ìrìn rẹ̀ jọ ti obìnrin. Ẹni tí a dá bẹ́ẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tàbí èébú lórí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni ìbáwí wà fún.

Àríyànjiyàn òde òní le ju èyí lọ. Ní ọdún 1988, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Yunifásítì al-Azhar ní Káírò ṣe iṣẹ́ abẹ láti di obìnrin. Yunifásítì náà kò gbà. Mùfútì Íjíbítì nígbà náà, Ṣeéù Tantawi, ní iṣẹ́ abẹ tọ́ bí ó bá jẹ́ láti fi ẹ̀dá tó fara sin hàn, kò tọ́ fún ìfẹ́-inú lásán. Àwọn tó gbè é àti àwọn tó takò ó jọ ń fi fátíwà kan náà jẹ́rìí. Ní tiwa, a kò rí ẹ̀rí tó fàyè gba yíyí ara tó hàn gbangba padà, a kò sì fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà ní ilé-kéwú wa nígbà kan. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ Àlùkùráánì kà tó o nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Sìsí. A gbọ́, a rẹ́rìn-ín. Àwa gan-an la ní kí ó ké ìrun bí ọkùnrin, lójú gbogbo wọn. Kò padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, a ní ọmọdé ló ń ṣe é. Nígbà tí a fi máa lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ṣakí. Ìwé an-Nawawi ti wà lórí pẹpẹ wa láti ọjọ́ yìí wá.