Ta Ni Nọ́ọ̀sì Tó Lọ Sílùú Ọba Jẹ Ní Gbèsè?

Nígbà tí a wà ní SS2, tíṣà wa kan béèrè ní kíláàsì pé àwọn wo ló fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ mẹ́rìnlá ló gòkè, tèmi wà níbẹ̀. Ó tún béèrè pé nínú àwa mẹ́rìnlá náà, àwọn wo ni yóò dúró ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà níbí? Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó nu pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ń yọ mí lẹ́nu títí di òní, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ, mo sì mọ ohun tí lílọ rẹ̀ ṣe fún wa àti ohun tó gbà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ di àríyànjiyàn nílé wa ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà fi ìwé kan síta. Kí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ níbí tó lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àjọ wa gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ ti ọ̀hún láti jẹ́rìí pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ìwé tuntun náà sọ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni kò ní rí ẹ̀rí yìí gbà àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde yóò tún kọ̀wé jẹ́rìí ìwà rẹ̀, èsì ìyẹn kò sì ní dé kí oṣù mẹ́fà tó pé. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìwọ́de ní Àbújá àti ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, ó ń ka ìwé náà lórí fóònù, kò sì sọ ohunkóhun. Bàbá àti ìyá wa ló bá a jà á.

Bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé òfin náà tọ́. Ó ní ìjọba ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ìjọba ló sanwó fún àwọn tó kọ́ ọ, àwọn aláìsàn ìlú yìí ló sì na apá wọn sílẹ̀ kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ó ní ẹ wo àwọn télọ̀: ọmọṣẹ́ a máa sin ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba fírídọ̀mù, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ìyà. Màámi, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Òwódé, gbé ìgbakọ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló san owó ilé ẹ̀kọ́? Ta ló ra aṣọ funfun, ta ló ra bàtà? Ọ̀gá télọ̀ ń bọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta rèé tí wọn ò tíì fún un ní kọ́bọ̀."

Bàbá wá pe Kofoworola Abeni Pratt jẹ́rìí, nítorí kò sí àríyànjiyàn tí bàbá wa kì í pe òkú wá jẹ́rìí sí. Ọdún 1946 ni obìnrin náà lọ sí Ìlú Ọba, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS, ètò ìlera tí ìjọba ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Ní 1954 ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Bàbá ní, "Ṣé òun kò rí i pé ìlú òyìnbó dára ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára nígbà náà. Ìgbà tó yá ni mo ro ó dáadáa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Pratt padà ni wọ́n ṣí UCH, ní 1957. Ibi tí nǹkan ti ń gbòòrò ló padà sí, ipò tó sì wà lọ́wọ́ òyìnbó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé. Ẹni tó bá ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó ṣe bíi Pratt gbọ́dọ̀ fi UCH tirẹ̀ hàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ọdún méjì fi pé. Ó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé ọ̀hún ní ọdún 2025, ó tún ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe, níbi tí wọ́n ti ń wo bó ṣe ń fọ ọwọ́ àti bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Leeds ló wà báyìí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kan náà, Màmá àgbà ṣubú lẹ́yìn ilé. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbéra mọ́. A fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti wọ àkáǹtì Màámi láti Leeds. A san owó bẹ́ẹ̀dì, a san owó àyẹ̀wò, kò sì sí oògùn tí dókítà kọ tí a kò rà.

Èmi ni mo sùn tì í. Bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlélógún ló wà ní wọ́ọ̀dù náà. Mo kà wọ́n nígbà tí oorun kò wá. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lóru, òun àti obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì, omi díríìpù Màmá tán, mo sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà sínú rọ́bà. Mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Ó wà lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò lè mí dáadáa, ó gbé e jókòó, ó fi èjìká ti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó pariwo sí mi pé, "Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lára rọ́bà yẹn, yí i sísàlẹ̀ títí tí kò fi ní yí mọ́!" Mo sáré padà, mo yí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

Ó lé ní wákàtí kan kí nọ́ọ̀sì náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo rọ́bà, ó ní, "O ṣeun, àbúrò." Ó béèrè orúkọ bàbá wa. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó wo ojú mi fínnífínní. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ máa ń ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi a mú apá ọ̀tún, òun a mú apá òsì. Apá ọ̀tún ni bẹ́ẹ̀dì Màmá àgbà wà.

Owó dé, ọwọ́ kò sí. Nínú ìwé, àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀, mo sì ti ń ṣi wọ́n kọ láti kékeré, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó. Ohun tó wá burú jù ni pé àwa gan-an la ṣoríire níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tiwa. Wọ́n ti kọ oògùn fún un láti ọjọ́ méjì, ìwé oògùn náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, nítorí kò ní ẹnikẹ́ni ní Leeds. Bàbá yẹn kò rí owó, kò rí ọwọ́. Tí a bá ń jiyàn lórí ẹni tí nọ́ọ̀sì jẹ ní gbèsè, òun ni mo máa ń rí.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ télọ̀ tí bàbá wa sọ. Tí ọ̀gá kan bá ń fi owó fa ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá mìíràn ti kọ́ yanjú, ta ni ẹ ó pè sípàdé? Mo rò pé ọ̀gá tó ń fà á ni. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé mọ èyí. Ní ọdún 2010, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà kan ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lórí bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2023, WHO to orúkọ orílẹ̀-èdè márùndínlọ́gọ́ta tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Nàìjíríà wà lára wọn. Nítorí náà, àwọn ilé ìwòsàn Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ wá síbí wá máa wá nọ́ọ̀sì kiri. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wọn, wọ́n lè gbà á. Ojú ọ̀nà tì, fèrèsé ṣí. Nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n wà nínú ìwé àjọ wọn, àwọn ará Íńdíà ló pọ̀ jù, àwọn ará Philippines tẹ̀lé wọn, àwa la ṣe ẹ̀kẹta. Ìjọba Philippines náà ti dán dídá-wọ́n-dúró wò: nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera má lọ mọ́, nígbà tó yá wọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló lè lọ lọ́dún. Àwọn nọ́ọ̀sì wọn ṣì ń lọ.

Èmi kò sọ pé òfin ọdún méjì kò ṣe nǹkankan. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi dúró sí i, àwọn kan wà láàyè lónìí tó jẹ́ pé òun ló tọ́jú wọn lóru. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́jọ náà pé, kò sí ẹni tí wọ́n gbà sí apá ọ̀tún wọ́ọ̀dù náà. Oṣù Kẹjọ tí Màmá ṣubú náà ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì dá ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje dúró, gbígba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ sí i sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó so ẹran mọ́lẹ̀ tí kò já ewé fún un kò lè bínú pé ó já okùn.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi èyí dá ẹ̀gbọ́n mi láre pátápátá. Màmá àgbà ló jẹ́ kí n rí i bẹ́ẹ̀. Òun náà ti gbé ìlú àjèjì rí. Àwọn ará Ọ̀fà pọ̀ ní Gánà láyé ìgbà tirẹ̀; ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ, ó ń ta aṣọ ní Kumasi, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, mo béèrè bóyá inú ń bí i pé ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀ lóru yẹn. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Kumasi ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó gbọ́. Owó ìnáwó ni mo fi ránṣẹ́." Ó tún dákẹ́. "Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Èmi ni mò ń bi ara mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé gbèsè náà wà, àti pé àjọ kankan kò lè bá ẹnikẹ́ni gbà á. Tí mo bá sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ bàbá arúgbó yẹn ní nǹkankan, irọ́ ni mo pa. Tí mo bá sọ pé òun nìkan ló jẹ ẹ́, irọ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ ni. Àwọn tí kò fi ẹnikẹ́ni sí apá ọ̀tún jẹ ẹ́. Ilé ìwòsàn tó wà ní Leeds, tó gba ọwọ́ tí kò kọ́, jẹ ẹ́. Àwa náà tí a fi owó Leeds ra oògùn tiwa, tí a sì ń wo ìwé abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí Màámi tó dìde lọ bá a ra á, a jẹ ẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì òru yẹn wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá wa, ó béèrè àlàáfíà Màmá àgbà, ó di ọwọ́ tó ti ṣàìsàn mú, ó ní kó fún òun lọ́wọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá: ó ń wá àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi kàwé fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí a kò bá tíì kó wọn fún ẹlòmíràn.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Mo ti ń pa wọ́n mọ́ fún ara mi, nítorí nọ́ọ̀sì náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB mi. Mo kó wọn jáde. Bàbá wa gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó fi etí agbádá rẹ̀ nu eruku ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpò ọ̀rá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó ní, "Ọmọ mi, tí o bá lọ, ta ni yóò máa wà níbẹ̀ lóru?"

Nọ́ọ̀sì náà gba àpò náà. Ó ní, "Bàbá, mo ti ń rò ó."