Ǹjẹ́ Ọ̀mọ̀wé Tí Ó Re Òkè Òkun Jẹ Ilé Ní Gbèsè?

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tí ó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ti re àjò, tí a kò mọ ìgbà tí wọn yóò bọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì òkè òkun ni ó gbé wọn lọ, pàápàá ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè ti ara àpẹẹrẹ púpọ̀ kọ́gbọ́n. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń bínú. Ẹni tí ó bá dé ọjà màlúù ní Aduwawa, ní ìlú Bìní, yóò rí ẹran tí ó jẹ koríko òkè Ọya sanra, tí ó wá di ẹran ọbẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó sìn ín gba owó rẹ̀. Kí ni ìlú tí ó fi owó gbogbo wa tọ́ ọ̀mọ̀wé rí gbà?

Ìbéèrè gidi ni. Síbẹ̀, ènìyàn kì í ṣe màlúù tí a ń fi okùn fà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ó tó oṣù 8 kí wọn tó padà. Iṣẹ́ ìwádìí yìí sì ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà alágbára, àti ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ wo David Ifeoluwa Adelani. Yunifásítì Saarland ní Jámánì ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 2024, ó di olùkọ́ ní yunifásítì McGill ní Kánádà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà ní Jámánì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí èdè Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, jọ ṣe MasakhaNER jáde ní 2021. Àkójọ ọ̀rọ̀ èdè 10 ni, tí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá wà nínú wọn, tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ láti dá orúkọ ènìyàn, ti ibi àti ti ẹgbẹ́ mọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà.

Èmi kò sọ pé èyí tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nílé kò lè bi ẹni tí ó wà ní Kánádà ní ìbéèrè lójúkojú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, gbèsè yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ san. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi ń san án. Ẹni tí ó jókòó sílé tí kò ṣe ohun kan fún ilé ṣì jẹ gbèsè. Ẹni tí ó lọ, tí ó sì ń mú kí ẹ̀rọ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwa náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a bá kọ ni ẹ̀rọ yóò rí kọ́. Bí a kò bá fi àmì sí Yorùbá wa, báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, àti ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, kí a tó béèrè ohun tí ẹni tí ó lọ yóò mú bọ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwa ń kọ sí ojú pátákó lójoojúmọ́.