Ìbẹ̀rù Ọmọ Ológbò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ológbò ni. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, a ń gbọ́ igbe tín-ín-rín lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀yọ́, lábẹ́ àwọn ògbólógbòó páànù tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀. Ológbò kan tí kò ní olówó ti bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀. Ìdájí nìkan ni a máa ń rí ìyá wọn, tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síbi tí àwọn ẹlẹ́ja ń da ìfun ẹja sí. Kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun. Àwọn ọmọ náà ti ń lá ẹja tí ó bá gbé wá, mo sì fojú bù ú pé wọn yóò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí wọn, èyí tí ó kéré jù gbé irun ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ó sì ṣe "fìì" sí mi bí ejò. Ẹ̀dá tí kò tó ẹ̀kúnwọ́!

Aládùúgbò mi kan ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin fi igi lé wọn. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan àwọn àgbà." Ẹ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé àjẹ́ a máa gbé ara ológbò wọ̀, àti pé igbe tí ó ń ké lóru bí ọmọ tuntun kì í ṣe igbe lásán. Igbe abo ológbò tí ń wá akọ ni. Mo sọ èyí fún un, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà á. N kò bá a jiyàn púpọ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé bí a bá ti fi orúkọ àjẹ́ pe ẹranko kan, kì í pẹ́ tí a ó fi rí opó arúgbó kan tí a ó so ó mọ́. Ẹ wo ìyá tí ó ń dá gbé tí ó sì ń bọ́ ológbò, kí ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é lẹ́yìn. Àwọn àgbà tí wọ́n ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, wọn kò yọ ológbò sílẹ̀.

Mo kó àwọn ọmọ náà wọlé. Àkókò kò sì sí. Ọ̀mọ̀wé Eileen Karsh ti Yunifásítì Temple ní Philadelphia ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje tí a bí i ni ọmọ ológbò máa ń mojú ènìyàn, bí a bá ń gbé e tí a sì ń fọwọ́ pa á lára. Bí àkókò yẹn bá kọjá, iṣẹ́ náà yóò le gan-an, àwọn mìíràn kì yóò sì mojú ènìyàn títí wọn ó fi kú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù fún mi.

Mo kó wọn sínú agọ̀ adìẹ, mo da àkísà bo apá kan kí wọ́n lè rí ibi sá sí. Mo ń jókòó tì wọ́n láìsọ̀rọ̀, n kì í sì tẹjú mọ́ wọn, nítorí ológbò ka títẹjúmọ́ sí ìjà. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń jẹ ẹja. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo fún wọn ní mílíìkì agolo, ó sì di ìgbẹ́ gbuuru, nítorí ikùn ọ̀pọ̀ ológbò kò lè da mílíìkì màlúù. Ọ̀kan gé mi jẹ. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì lọ gba abẹ́rẹ́, nítorí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Ohun tí ó nira jù ni ìyá wọn. Òru mẹ́ta ni ó fi ké yí ilé wa ká, mo sì dùbúlẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé àánú ni mò ń ṣe.

Ní alẹ́ kẹsàn-án, èyí tí ó ń ṣe "fìì" gun itan mi, ó ká jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo sunkún, n kò ní purọ́.

Mo gbé abo tí ó wà nínú wọn lọ fún àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń ta àgbàdo nítòsí Tákíé. Ó ké láti Ọ̀yọ́ dé ọ̀hún nínú apẹ̀rẹ̀, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já wa sílẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó bá a mu. Eku inú oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lórílẹ̀-èdè tí a ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní 1969. A kò sì fi okùn fa ológbò wálé bí ewúrẹ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé eku ni ó tọ̀ wá sí àká àwọn àgbẹ̀ àtijọ́, tí ó sì ń jìnnà sí wa díẹ̀ bí ó ti wù ú.

Èyí tí ó kùn lórí itan mi dàgbà di akọ tí ó lẹ́wà. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó rìn lọ bá àwọn tí ń kọ́lé ní òdìkejì ọ̀nà, ó fi ara ra ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà gbá a ní pákó lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀ mí, ó ní ẹ̀rù ni ó ba òun, mo sì gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Bí ó bá ṣe ìyá rẹ̀ ni, ì bá ti wà lórí òrùlé kí pákó náà tó gbéra. Ìbẹ̀rù tí ó fi ń ṣe "fìì" sí mi, òun ni ihámọ́ra kan ṣoṣo tí ó ní ní àdúgbò wa, èmi ni mo sì fi ẹja àti sùúrù bọ́ ọ lára rẹ̀. Ta ni ó fún mi ní àṣẹ?

Arábìnrin kan ní kí n má da ara mi láàmú, àwọn ọmọ ènìyàn wà tí wọn kò rí jẹ. Òótọ́ ni, owó ẹja sì jẹ́ owó. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé àánú dà bí gàrí inú kóńgò, tí yóò kù nílẹ̀ bí a bá bù ú fún ẹlòmíràn. Òmíràn rán mi létí pé John Wesley fúnra rẹ̀, nínú ìwàásù rẹ̀ kan ní 1781 lórí Róòmù orí kẹjọ, kọ́ni pé àwọn ẹranko náà yóò ní ìpín nínú ìdásílẹ̀ tí ń bọ̀. Ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ayé tí ń bọ̀ ni ìwàásù yẹn ń wò. Àdúgbò tèmi ṣì ní pákó nínú.

Èrò mi nísinsìnyí ni pé ìlérí ni ẹni tí ó bá tu ẹranko lójú ń ṣe, bí ẹranko náà kò tilẹ̀ gbọ́ èdè. Ó ń wí fún un pé ènìyàn kì í ṣe ewu. Bí n kò bá lè mú kí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́ níbi tí yóò gbé, irọ́ ni mo ń pa fún un. Ní ìlú òyìnbó, àwọn kan máa ń mú ológbò tí kò mojú ènìyàn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó má bímọ mọ́, yóò fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan fún àmì, wọn yóò sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, pẹ̀lú ìbẹ̀rù rẹ̀ lódidi. Nígbà kan rí, mo ka èyí sí ìwà ọ̀dájú. Ọjọ́ orí mi ni kò jẹ́ kí n máa wí pé n kò yí èrò padà rí.

Mo ń gbèrò láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá wọn ni ó tún bí. Méjì ni lọ́tẹ̀ yìí, lábẹ́ páànù kan náà, wọ́n sì ti lajú. Ọmọ kẹta ti ìṣáájú wà lọ́dọ̀ mi, mo fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kì í jáde. N kò lè gba òmíràn mọ́ ọn. Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun lè gba ẹyọ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń lọ wò wọ́n ní àràárọ̀, n kò tíì na ọwọ́ sí wọn. Kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, wọn yóò ti kọjá ọ̀sẹ̀ méje.