Ẹni Tí Tẹ́tẹ́ Lé Kúrò Lórí Pápá: Ṣé Ó Yẹ Kí A Tún Dé E Ládé?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń gba túúbá ẹrú Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn lé lórí. Bí eléré ìdárayá bá ta tẹ́tẹ́, tí wọ́n sì lé e kúrò nínú eré, ṣé ó yẹ kí wọ́n dá a padà? Bí wọ́n bá sì dá a padà, ṣé ó yẹ kí wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni? Àwọn kan á ní Ọlọ́hun ń dárí jini, ta wá ni ènìyàn tí kò ní dárí jì? Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá ti ba nǹkan jẹ́, kí ó máa lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n ẹ̀sìn wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pete Rose. Béésìbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n bá jù síni, tí ẹni tó gbá a yóò sì sáré lọ sí ibùdó. Ìgbà 4,256 ni Rose gbá bọ́ọ̀lù tí ó sì dé ibùdó. Kò sí ẹni tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di olùdarí ẹgbẹ́ Cincinnati Reds, ìwádìí fi hàn pé ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré, títí kan eré ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ọ̀gá àgbà líìgì náà, Bartlett Giamatti, lé e títí ayé. Ilé ìrántí ńlá kan wà ní ìlú Cooperstown, tí a lè pè ní Gbọ̀ngàn Ọlá, níbi tí wọ́n ti ń ya ojú àwọn akọni eré náà sára idẹ. Ní ọdún 1991, àwọn alámòójútó ibẹ̀ ṣòfin pé ẹni tí líìgì bá lé kò lè wọ ibẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ó lé ni Rose fi ń sẹ́. Ní ọdún 2004 ni ó jẹ́wọ́, inú ìwé tí ó ń tà fún aráyé ni ó sì ti ṣe é. Ní ọdún 2015, ó bẹ ọ̀gá àgbà mìíràn, Rob Manfred, pé kí ó dá òun padà. Manfred kọ̀. Lára ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé Rose fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé òun ṣì ń ta tẹ́tẹ́ lórí béésìbọ́ọ̀lù, níbi tí òfin ti gbà á láyè. Rose kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Manfred yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí a lé, ó ní ẹni tó ti kú kò lè wu eré léwu mọ́. Báyìí ni ìlẹ̀kùn Gbọ̀ngàn Ọlá ṣe di èyí tí wọ́n lè ṣí fún un.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an? Nínú Súrátù Máídà, áyà 90 àti 91, Ọlọ́hun ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, Ó pè é ní ẹ̀gbin tí ó jẹ́ iṣẹ́ èṣù, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé èṣù fẹ́ fi dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín wa, kí ó sì fi dí wa lọ́wọ́ ìrun. Èyí kan gbogbo ẹni tó bá ta á. Ṣùgbọ́n ti eléré tún lé kan: ó tún jẹ́ jíjẹ amáánà. Àwọn kan máa ń gbèjà Rose pé kò sí ẹ̀rí pé ó ta á pé kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù rí. Ẹ gbọ́, ọjọ́ tí olùdarí bá ta tẹ́tẹ́, ó lè lo eléré rẹ̀ kọjá agbára nítorí owó tirẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sì ta á, ẹni tí ń gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí eré ọjọ́ náà. Bí ó bá tún wá jẹ ẹni náà ní gbèsè, ó ti di ẹrú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará mi, ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ kó wọn pọ̀.

Ìlẹ̀kùn kìíní ni ìdáríjì Ọlọ́hun. Kò sí ọ̀gá líìgì tàbí àlùfáà tí ó lè tì í. Ó ṣí títí ẹ̀mí yóò fi dé ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn onímọ̀ sì ti sọ májẹ̀mu túúbá fún wa: kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, kí a kábàámọ̀ rẹ̀, kí a pinnu pé a kò ní padà sí i, kí a sì dá ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn padà bí ó bá wà lọ́rùn wa. Ní ti Rose, ó ti kú, ìṣirò rẹ̀ sì di ti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ànábì wa kọ̀ fún wa láti máa bú òkú. Àpẹẹrẹ tó fi sílẹ̀ fún alààyè ni à ń sọ.

Ìlẹ̀kùn kejì ni dídápadà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rántí Ka'bu ọmọ Málíkì. Nígbà ogun Tábúùkù, ó jókòó sílé láìní àwíjàre. Àwọn tó lé ní ọgọ́rin lọ parọ́ fún Ànábì. Òun sọ òtítọ́. Àádọ́ta òru ni àwọn Mùsùlùmí kò fi bá òun àti àwọn méjì mìíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdáríjì sọ̀kalẹ̀, nínú Súrátù Táúbà, Tálíhà ọmọ Ubaidullah dìde, ó sáré lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyà náà ní òpin, ayọ̀ sì ni wọ́n fi gbà á padà. Òtítọ́ ló ṣí ìlẹ̀kùn náà. Nínú eré bọ́ọ̀lù ti òde òní, Sandro Tonali ọmọ Ítálì jẹ́wọ́ ní ọdún 2023 pé òun ta tẹ́tẹ́. Wọ́n dá a dúró fún oṣù mẹ́wàá, wọ́n ní kí ó gba ìtọ́jú, kí ó sì lọ sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn ní ìgbà 16. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó padà sórí pápá fún Newcastle. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Kò yẹ kí a máa fi àná rẹ̀ bú u.

Ìlẹ̀kùn kẹta ni ọlá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ wo Súrátù Núúr, áyà 4 àti 5. Ẹni tó bá parọ́ sìná mọ́ obìnrin oníwà mímọ́, wọ́n á nà án, wọn kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́, àyàfi àwọn tó bá túúbá tí wọ́n sì tún ìwà ṣe. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí àyàfi yìí. Imáámù Abu Hanifa ní Ọlọ́hun yóò dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò ní padà. Imáámù Malik, tí a ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ nílẹ̀ wa, àti Imáámù Shafi'i ní bí ó bá túúbá, ẹ̀rí rẹ̀ yóò padà. Ẹ kíyè sí i: àwọn méjèèjì gbà pé ìdáríjì lọ́tọ̀, ìfọkàntán lọ́tọ̀. Àwọn tó sì rọ̀ jù pàápàá béèrè túúbá àti àtúnṣe.

Gbígbé ènìyàn sára idẹ, ẹ̀rí ni. À ń sọ fún ọmọ kékeré pé, "Irú eléyìí ni kí o dà." Ẹni tó sẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá, tó jẹ́wọ́ nínú ìwé títà, tí kò sì fi ohun náà sílẹ̀, kí ni à ń jẹ́rìí sí? Iye tó gbá kò parẹ́. Kí wọ́n kọ 4,256 síwèé, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi lé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a dé e ládé nítorí pé ó ti kú, èmi kò rí ìdí rẹ̀. Ikú kì í ṣe túúbá. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Kí àwọn adájọ́ náà sì wo ara wọn. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà fún àwọn ìpínlẹ̀ láti gba tẹ́tẹ́ eré láyè. Kí ọdún náà tó parí, líìgì tó lé Rose ti bá MGM, ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́, wọ àdéhùn. Wọ́n ń bá ọmọ wí nítorí ọbẹ̀ tí àwọn gan-an ń tà.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, má fi Rose rẹ́rìn-ín nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ wà nínú àpò rẹ. Ìwọ arábìnrin, má jẹ́ kí ẹni tí ń bẹ̀ ọ́ wò láti fẹ́ ọ fi owó tẹ́tẹ́ san sàdáákì rẹ. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó bá kàn fi ẹnu pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ta tẹ́tẹ́, kí ó yọ sàráà. Bí ìpè lásán bá rí báyìí, kí ni ti ẹni tí ń ta á lójoojúmọ́? Fi í sílẹ̀ lónìí, yọ sàráà, jẹ́wọ́ fún ẹni tí o ná owó rẹ̀, kí o sì dá a padà.

Kí Ọlọ́hun gba túúbá wa kí ẹ̀mí wa tó dé ọ̀nà ọ̀fun. Kí Ó fi hàláálì tó wa kúrò nínú hàráámù. Kí Ó jẹ́ kí ọlá wa jẹ́ èyí tí yóò wà lọ́dọ̀ Rẹ̀. Áámíìn.