Orúkọ Kan, Èèyàn Mẹ́fà

Mẹ́fà ni wá nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ wa ni pé ká gun òpó, ká de rédíò mọ́ ọn, ká dojú rẹ̀ kọ rédíò mìíràn lórí òkè tàbí lórí òrùlé ẹlòmíràn, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà. Nígbà tí àwọn òpó náà wá pọ̀, ojú wa ò tó wọn mọ́. La bá fi sọ́fítíwíà kan sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí á máa bá wa ṣọ́ wọn. Rédíò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ níbẹ̀. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ á ní àwọ̀ ewé, èyí tó bá kú á pọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Sọ́fítíwíà yẹn ni ojú tiwa.

Kí èèyàn tó lè wọ inú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì, ìyẹn orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí gbogbo wa ń pè ní password. Àkáǹtì kan ṣoṣo la ní. Orúkọ rẹ̀ ni admin. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la mọ password rẹ̀. A tiẹ̀ kọ ọ́ sínú bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ṣebí bí ọmọ ìyá la ṣe ń gbé? Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun ọ̀sán.

Lóru ọjọ́ Jímọ́ kan mọ́jú Sátidé, rédíò tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti Mápó lọ sí Àpáta pọ́n. Gbogbo oníbàárà wa lápá ibẹ̀ ò rí nǹkan kan lò mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn dúró síta láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a gun òpó, a rí i pé rédíò náà ò bàjẹ́. Ẹnì kan ló yí ìkànnì tó fi ń sọ̀rọ̀ padà. Rédíò méjì tó dojú kọ ara wọn dà bí ẹni méjì tó ń sọ èdè kan náà. Bí ọ̀kan bá yí èdè padà tí kò sọ fún ìkejì, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ta ló yí i? A ṣí àkọsílẹ̀ inú sọ́fítíwíà wò. Ó sọ aago tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ó sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ó sọ ẹni tó ṣe é: admin.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n ọ̀gá fẹ́ mọ̀ kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé. Àbúrò wa tó kéré jù, tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ó ní oorun ló gbé òun lọ. A wò ó, kò sẹ́ni tó lanu sọ pé òun gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bá a bẹ ọ̀gá nínú wa.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ká tó mọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́ ń wá àwòrán kan lórí fóònù wọn, ni wọ́n bá bá òmíràn pàdé. Ojú ìwé sọ́fítíwíà wa ni, lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Oníbàárà kan tó ní ilé epo ló pè wọ́n pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ń falẹ̀. Wọ́n wọlé láti orí ibùsùn, wọ́n yí ìkànnì padà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé àwọn ti bá a tún un ṣe, wọ́n sì sùn. “Àpáta 2” lorúkọ rédíò ilé epo. “Àpáta 1” ni wọ́n tẹ̀. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n, nítorí a ti rí ẹni tí a máa di ẹ̀bi rù.

A pe àbúrò wa. Ó gbé fóònù, ó gbọ́ wa jálẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n màmá mi ti gba tiyín gbọ́.” Kò padà wá.

Láti ìgbà náà la ti ń bi ara wa pé, níbo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wa wà? Àṣìṣe ẹ̀gbọ́n kọ́. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ohun tó ń dùn wá ni pé inú ohun tí a ń pè ní ìfọkàntán ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti jáde.

Nígbà tí ọ̀gá sọ pé kí kálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, àwa la kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. A ní, ṣé wọn ò fọkàn tán wa mọ́ ni? Ẹ má sì fi wá rẹ́rìn-ín o, torí òótọ́ wà nínú ohun tí à ń sọ. Nínú ilé tí a gbé tọ́ wa dàgbà, èèyàn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àgbà wá buwọ́ lùwé kó tó mú kọ́kọ́rọ́ ti fẹ́ tàbùkù àgbà nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Báwo la ṣe máa ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ká tún ní ká sọ̀yà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Èèyàn là ń fọkàn tán. Ta ló lè fọkàn tán admin? Admin kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Agọ̀ eégún ni, tí àwa mẹ́fà ń gbé wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eégún gidi tiẹ̀ sàn ju tiwa lọ: bó bá na ọmọ ọlọ́mọ ní ìnàkunà, àwọn àgbà inú ìgbàlẹ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀. Tiwa ò ní ìgbàlẹ̀. Nígbà tó na ọmọ ọlọ́mọ, a kàn wo ẹni tó kéré jù láàárín wa ni.

Kì í ṣe àwa nìkan la ṣe irú àṣìṣe yìí. Láti ọdún 1988 ni èdè kan ti wà tí irú sọ́fítíwíà báyìí fi ń bi ẹ̀rọ léèrè pé báwo ni nǹkan, SNMP lorúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ béèrè ń pè, ìhòòhò ló sì ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni “public”. Ìgbà tó di ẹ̀dà kẹta ni wọ́n tó fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n sì da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní Maroochy, ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, ibùdó 142 ló ń fa omi ẹ̀gbin ìlú, rédíò ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ wọn, tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn. Vitek Boden wà nínú ilé iṣẹ́ tó bá wọn gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ gba òun, wọn ò gbà á. Ní ọdún 2000, ó gbé kọ̀ǹpútà àgbéká àti rédíò sínú ọkọ̀, ó ń pàṣẹ fáwọn ibùdó náà bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan bíi lítà 800,000 omi ẹ̀gbin ya sínú odò, sínú ọgbà ìgbafẹ́ àti ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹja kú, omi dúdú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣàárẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2.

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Boden lẹ́bi, ilé ẹjọ́ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti pe orúkọ ibùdó kan, tí kò bi í pé ìwọ ta ni, ẹ̀rọ yẹn ti lanu tipẹ́. Ẹ tún wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ká ní wọn ò rí Boden mú, orí ta ni wọn ì bá di í lé?

Ní ọdún 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ̀wé nípa bí a ṣe ń dáàbò bo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ohun tí wọ́n là sílẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù ní kìkì agbára tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. Ẹni tí a rán lọ ra iyọ̀, a kì í kó kọ́kọ́rọ́ àká lé e lọ́wọ́. A ti ń pe èyí ní àìfọkàntánni tẹ́lẹ̀. Oníbàárà kan ló là wá lójú.

Ó wọ ọ́fíìsì wa, ó jókòó, ó ní ká bá òun wo ráútà ilé òun, ká sọ fún òun aago tí fóònù ìyàwó òun ń wọlé tó sì ń jáde lálaalẹ́. Ó fẹ́ fún wa lówó. Nígbà tí gbogbo wa jẹ́ admin, a ò bá máa wá ọ̀rọ̀ tí a máa fi yẹ̀ ẹ́, ẹnì kan nínú wa ì bá sì ti ṣe é, ká má purọ́. Lọ́jọ́ yẹn, a yí kọ̀ǹpútà sí i, a ní, “Bọ̀dá, àkáǹtì tiwa ò dé ibẹ̀.” Òótọ́ la sọ. Òkè rédíò ni àṣẹ wa mọ, kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Agbára tí èèyàn ò ní, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó lò ó ní ìlòkulò. Ọ̀gá nìkan ni àkáǹtì wọn débẹ̀, bí wọ́n bá sì wò ó, orúkọ wọn á wà nínú àkọsílẹ̀ pé àwọn ló wò ó.

Báyìí, orúkọ wa ló wà nínú sọ́fítíwíà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an là ń ti àkáǹtì rẹ̀ pa, àmọ́ a kì í pa á rẹ́. Ohun tó ṣe á máa jẹ́ tirẹ̀, rere àti búburú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a ti tún àwọn rédíò náà sọ lórúkọ pẹ̀lú: òpó tó wà lórí rẹ̀, ibi tó kọjú sí, ẹni tó ń lò ó. Kò sí “Àpáta 1” àti “Àpáta 2” mọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń ṣàṣìṣe, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣe é, á lanu sọ pé èmi ni, a ó jọ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. A ti rò pé ìjánu nìkan ni wọ́n ń wí. A wá rí i pé orúkọ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí, òun ló ń bá èèyàn sọ pé kì í ṣe òun, lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ nìkan ò ní tó. Àbúrò wa ò ní ẹlẹ́rìí yẹn. Bí ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ ọdún yẹn wò lónìí láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Admin lẹ máa rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, níbi iṣẹ́ tiyín, èèyàn mélòó ló ń jẹ́ admin?