Ayédèrú Ọjà Orí Fóònù: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí le. Ṣé ẹni tí kò gun àjà rárá ni a ó wá pè ní olè jù? Ẹ jẹ́ kí á fi òwe náà yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó ti wọ ilé gbogbo wa: ayédèrú ọjà tí a ń rà lórí fóònù, tí a sì ń tà fún ara wa.

Níhìn-ín ní Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tí ó fẹ́ ra epo pupa yóò fi ìka kàn án, yóò tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra gaàrí yóò bu díẹ̀ sẹ́nu, yóò sì wo kóńgò dáadáa bóyá wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ọjà náà kò bá dára, ó mọ ìsọ̀ ìyá tí ó tà á fún un, ó sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Lórí fóònù, àwòrán ni a ń wò. Ẹni tí ó ní ayédèrú lọ́wọ́ lè mú àwòrán ojúlówó láti ibòmíràn, kí ó gbé e síwájú wa. Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2012, dàbí ọgbà ọjà: ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ọgbà, ti àwọn tí ó gba ìsọ̀ níbẹ̀ ni. Lórí Facebook àti WhatsApp ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó lè tẹ́ àtẹ. Kí ẹrù tó dé Ìwó Road, kí ọlọ́kadà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, owó ti lọ.

Bí bàtà ayédèrú bá já, bàtà nìkan ni ó já. Ohun tí a ń fi para àti ohun tí a ń gbé mì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1990. Ní ọdún náà, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 100 kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi. Propylene glycol ni kẹ́míkà tí ó yẹ kí a fi po oògùn náà. Diethylene glycol, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1993 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 2008, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ nínú My Pikin, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní Èkó ra kẹ́míkà lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò ní ìwé àṣẹ. Àkọlé pè é ní propylene glycol, wọ́n sì gba àkọlé gbọ́. Ọmọ 84 ni ó kú. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Wọn kò jí lówùúrọ̀ kí wọ́n ní àwọn fẹ́ pa ọmọ. Ohun tí àwọn ìyá yóò fi sẹ́nu ọmọ wọn ni wọ́n jẹ́ kí ó kọjá láìyẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, ènìyàn mẹ́ta ni a ní láti yẹ̀ wò. Èkíní ni ẹni tí ó ṣe ayédèrú. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò ní àríyànjiyàn.

Èkejì ni ẹni tí ó mọ̀ pé ayédèrú ni, tí ó sì rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Yóò ní owó òun ni òun ná, òun kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí á ra ohun tí agbára wa ká. Òkìríkà ń jẹ́ òkìríkà. Ẹni tí ó tà á kò pè é ní tuntun. Ayédèrú ni ó gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀. Ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí Ìbàdàn fi lókìkí, ni a ń jà lólè nígbà tí a bá ra aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí a sì ń pè é ní àdìrẹ.

Ẹ̀kẹta ni ó kan ẹgbẹ́ wa jù: ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ọjà náà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé arábìnrin kan rí ìpara lórí fóònù. Ó ra méjìlá, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ojúlówó ni. Àwa náà rà á. Kì í ṣe ìpara ni a gbẹ́kẹ̀ lé, arábìnrin wa ni. A mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó bá wa sìnkú, ó bá wa sọmọ lórúkọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí gan-an ni oníjìbìtì tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ń wá, tí kò sì lè fi owó rà. Arábìnrin wa ni ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Kí á sọ pé a mọ̀ nígbà tí a kò mọ̀ ni ẹ̀bi.

Ìdánwò tí ó le jù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti ta mẹ́jọ kí ẹnì kan tó padà wá pẹ̀lú ojú tí ó ti bó. Mẹ́rin ṣẹ́kù. Owó àjọ ni ó fi rà á, èrè rẹ̀ ni ó sì fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ. Títí di àkókò yẹn, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Bí ó bá ta ẹ̀kẹsàn-án, òun náà ti di onírẹ́jẹ.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, ṣé kí ó wá jókòó ti gbèsè ni? Ìbéèrè náà tọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí kò jẹ gbèsè láti sọ pé kí ẹlòmíràn da ọjà nù. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ní kí ó má tà á mọ́, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá a gbé nínú àdánù náà. Ẹni tí òtítọ́ rẹ̀ gba ojú wa là, kò yẹ kí òun nìkan san owó òtítọ́.

Kí ni a wá lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí á máa sọ ibi tí a ti ra ọjà àti ohun tí ojú wa rí, kí á má sì pe ohun tí a kò yẹ̀ wò ní ojúlówó. Ẹ jẹ́ kí á má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ilé oògùn tí a mọ̀. Wọ́n lè da nọ́ńbà NAFDAC kọ, nítorí náà rírí i lára páálí nìkan kò tó. Àmì tí a ń họ wà lára àwọn oògùn ibà kan. Ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó lo oògùn náà. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí á rí ọjà kí á tó sanwó. Òfin 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà tí kò bá àpèjúwe mu. Àti ike àti páálí òfìfo: ẹ lu ike, ẹ ya páálí, kí ẹ tó dà wọ́n nù, nítorí àwọn kan ń ṣà wọ́n láti fi di ayédèrú.

Àwọn àgbà kò sọ pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó gun àjà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí kò bá sí ọwọ́ tí yóò gbà á, epo kò ní kúrò lájà. Kí ọwọ́ tiwa má ṣe jẹ́ ọwọ́ náà.